Tìmùtìmù Méjì Tí Ń Kí Ara Wọn

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè ríbi fìdí lé. Ìtàn tí mo gbé wá fún yín lónìí kì í ṣe ti ìjàpá, kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti ọba tó ń wá ọmọ. Ìtàn ìfẹ́ ni. Ọmọbìnrin kan pa ẹnu mọ́ fún odidi ọdún kan. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, kò fọwọ́ kan ohun tó ti pinnu pé òun ò ní fọwọ́ kàn. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn ń gba ìkíni rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má tíì bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Yàrá kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà rédíò. Àtẹ̀gùn rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gòkè fi gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri kí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ tó lè kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan a máa kọ́ àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa iná níbẹ̀, bí a ti ń ṣe ohun tó ń dá èèyàn lóhùn: ilẹ̀kùn tó ń kọrin bí ọwọ́ bá kàn án, àwòrán tó ń ṣẹ́jú bí o bá sún mọ́ ọn, ìkòkò òdòdó tó ń ké pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Agolo bisikíìtì ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wà. Wáyà wẹ́wẹ́ ń bẹ níbẹ̀, gílóòbù tí kò ju hóró àgbàdo lọ ń bẹ níbẹ̀, àti bátìrì, àti àwọn sẹ́ńsọ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kékeré tó máa ń mọ̀ bí ọwọ́ bá kan nǹkan, tàbí bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tàbí bí ara ń gbóná. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun orí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bíi pé iná ti gbé e rí. Tíṣà Wáyà ni gbogbo wọn ń pè é.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin kan yọrí lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Aránṣọ ni. Ẹgbẹ́ òṣèré kan ló gbé iṣẹ́ fún un. Wọ́n ń fẹ́ aṣọ tí àyà rẹ̀ máa tàn nígbà tí òṣèré bá gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹ káàsán o. Ṣé ibí ni wọ́n ti ń kọ́ aṣọ ní iná?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ibí la ti ń kọ́ iná ní ìwà. Aṣọ ò tíì wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa rí. Ẹ jókòó."

"Abẹ́rẹ́ nìkan ni mo mọ̀ o."

"Kí wáyà dé ibi tó ń lọ, kó má kan èyí tí kò yẹ kó kàn, iṣẹ́ yín náà nìyẹn. Ó jọ pé ẹ ti mọ ìdajì."

Ó na òwú kan sí i, òwú tó ń dán bíi fàdákà, tí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Aránṣọ fi itọ́ pa orí rẹ̀, ó sì ki í bọ abẹ́rẹ́ láìwo ojú abẹ́rẹ́. Tíṣà gbàgbé ohun tó ń sọ. Nígbà tó rántí, ó gbé ẹ̀yà tín-ín-rín kan sókè, ó dà bí hóró ìrẹsì tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ìlà sí lára.

"Rẹ́sítọ̀ nìyí. Wáyà tó ń gbọ́rọ̀ ọwọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lásán. Ẹ fi èyí so ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá so ó, á dà bí olófòófó tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́: gbogbo ohun tó bá ń kọjá níta láá máa dáhùn sí."

Gbogbo kíláàsì ń wo rẹ́sítọ̀. Ọwọ́ tó mú un dání ni Aránṣọ ń wò.

Kò pẹ́ tí ṣòkòtò Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ó ya lọ́sẹ̀ yìí, ó ya lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àfi kó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, tó wà ní yàrá iwájú ilé ìyá rẹ̀. Aránṣọ yẹ ojú ibi tó ya wò.

"Ọ̀gbẹ́ni Tíṣà, ìṣó kì í fa aṣọ ya kó gún régé báyìí. Síṣọ́ọ̀sì ló gé e."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ta ló wá gé e?"

"Ẹni tó ń wá ìdí tí òun á fi wá."

"Kí ẹni yẹn kúkú máa wọ ṣòkòtò tó dáa wá. A ò ní lé e."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń parí lọ, tí oníkálukú gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan tí yóò fi hàn pé òun kọ́ṣẹ́, àwọn méjèèjì dá tiwọn pọ̀. Tìmùtìmù méjì ni wọ́n ṣe, kò ju búrẹ́dì lọ. Nínú ìkọ̀ọ̀kan ni aṣọ kan wà tó ń mọ̀ bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, àti iná rírọ̀ kan aláwọ̀ ọsàn, àti pátákó pẹlẹbẹ tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí èkejì rẹ̀. Bí o bá tẹ èyí níbí, tọ̀hún á tàn lọ́hùn-ún, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn òkun. Aránṣọ rán tirẹ̀, ojú rírán rẹ̀ tò bí eyín ọmọ tuntun. Tíṣà rán tirẹ̀, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ìrìn akàn, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí Aránṣọ gbé tirẹ̀ délé, tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, nǹkan kan gún un. Rẹ́sítọ̀ ni. Ẹ mọ bí aránṣọ tó mọṣẹ́ ṣe rí. Kókó kan tó yọ lójú aṣọ kì í jẹ́ kó sùn. Ó tú ibẹ̀, ó yọ rẹ́sítọ̀ náà dà nù, ó fi òwú pa ojú ibẹ̀ dé, ó wá dán mọ́rán. Ó tẹ̀ ẹ́ wò. Kíá ni fóònù rẹ̀ dún.

"Mo rí ẹ o!" ni Tíṣà ń kígbe. "Ó tàn, ó tàn!"

Aránṣọ sọ nínú ọkàn ara rẹ̀ pé, ó dáa bẹ́ẹ̀, rẹ́sítọ̀ náà kò kúkú ṣe nǹkan kan.

Ó wá kù kí Tíṣà wá kí ìyá. Ó wọ ṣòkòtò tí kò ya, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá Aránṣọ ní kó dìde, ó gbé àga fún un, ó rẹ́rìn-ín sí i. Inú yàrá náà dùn títí Màmá fi bèèrè pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

"Ohun èlò tó ń fi iná dá èèyàn lóhùn ni mò ń ṣe, mà."

Ẹ̀rín ojú Màmá kú.

"Iná?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Agunpó ni bàbá Aránṣọ nígbà ayé rẹ̀. Òun ni í gun òpó iná bí wáyà bá já. Ọjọ́ kan ló jáde láàárọ̀, ó ní òun á padà wá jẹun ọ̀sán. Ó gun òpó, ẹnìkan tí kò mọ̀ pé èèyàn wà lókè sì tan iná láti ibòmíràn. Aránṣọ ṣì ń rákò nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe dá a tọ́.

"Bátìrì mẹ́ta péré ni, mà," ni Tíṣà wí. "Kò lè pa ẹ̀fọn."

"Ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n ti pa iná ọ̀hún."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Èèyàn ò sì lè bá a wí.

Àǹtí Oníbúrẹ́dì ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá Aránṣọ tó dolóògbé ni. Ó ní ilé búrẹ́dì, ó sì ní ẹnu. Ó jókòó ti Màmá nínú ilé ìdáná, ìyẹ̀fun ṣì wà ní apá rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

"Ìyàwó wa, àbúrò mi ló kú o. Bó bá jẹ́ ẹnìkan ló yẹ kó kórìíra iná láyé yìí, èmi ni. Ààrò mi ńkọ́? Iná kọ́ ni mo fi ń jẹun?"

"Àǹtí, ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Kí ni mi ò mọ̀? Ṣé kí ọmọ yìí wá fẹ́ apẹja ni? Omi náà ń pànìyàn. Ṣé kó fẹ́ akọ̀wé? Àga ń ṣẹ́ mọ́ àwọn yẹn nídìí!"

Màmá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ọmọkùnrin yẹn ti ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ni. Nǹkan tí àwọn ọmọdé á máa fọwọ́ kàn kọ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ kó ṣe."

"Kó máa lọ. Ọdún kan. Ẹ ò ní pe ara yín, ẹ ò ní ránṣẹ́ sí ara yín, ẹ ò ní fojú kan ara yín. Bí ọdún bá yí po tí ọkàn yín ò yí, kó wá, màá gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá yẹ àdéhùn yìí, bó ṣe wù kó kéré mọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Búra fún mi."

Aránṣọ búra. Màmá sì sinmi, nítorí ó gbà pé ìfẹ́ tí a kò bá bomi rin, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ní ọjọ́ tí Tíṣà ń lọ, orí àtẹ̀gùn tóóró yẹn ni wọ́n ti pínyà. Òun ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agolo bisikíìtì rẹ̀, Aránṣọ ń gòkè lọ dá síṣọ́ọ̀sì tó yá padà. Aránṣọ fẹ̀yìn ti ògiri. Tíṣà kọjá bí ẹni pé ẹyin ló gbé sáyà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbójú sókè, nítorí ìbúra náà ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Aránṣọ wá ro ti tìmùtìmù. "Bí mo bá tẹ̀ ẹ́," ló sọ nínú ara rẹ̀, "iṣẹ́ ni mo rán yẹn. Mi ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́." Ṣùgbọ́n kò lè gbé e pamọ́. Ó gbé e sórí tábìlì máṣíìnì ìránṣọ, ó so ó mọ́ ṣájà fóònù, ó ní ojú lásán kì í ṣe ẹnu. Ó wá tẹ ẹsẹ̀ lé máṣíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán bùbá ẹnìkan.

Ó tàn.

Iná aláwọ̀ ọsàn náà yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú aṣọ, ó ń mọ́lẹ̀, ó ń rọlẹ̀, bí ẹni tó ń mí. Tíṣà ló ń kí i láti ìlú òkèèrè! Ọwọ́ rẹ̀ fò síbẹ̀, ó fi ìkejì gbá a mú. Ó kó ọwọ́ méjèèjì padà sórí bùbá náà, ó ń rán lọ, omijé ń kán sórí aṣọ aláṣọ. Bí ó ṣe ń rán, bẹ́ẹ̀ ni iná náà ń tàn.

Bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Kó jókòó ti máṣíìnì báyìí, kò ní pẹ́ kó tó tàn. Ó ní, "Báwo ló ṣe ń mọ ìgbà tí mo bá jókòó?" Ó ní ọkàn sí ọkàn ni. Ó wá fẹ́ràn iṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gba aṣọ tí àwọn aránṣọ yòókù kọ̀, ó tún kọ́tìnnì ilé rán, ó gbá etí aṣọ ìnuwọ́ tí kò ya. Màmá ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Ọmọ mi ti gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ ló gbájú mọ́."

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú! Lọ́jọ́ Àìkú, kì í ránṣọ, inú òkùnkùn birimùbirimù sì ni tìmùtìmù náà máa ń wà. Aránṣọ á jókòó tì í láàárọ̀, á kọjá lára rẹ̀ lọ́sàn-án, á wá ohun tó fẹ́ mú níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò ní tàn. Ọkàn rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ sí i. Ṣé ọjọ́ ìsinmi ló ń bá ẹlòmíràn rìn ni? Ṣé obìnrin kan wà lọ́hùn-ún tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú? Ibà wá dá a dùbúlẹ̀ nígbà kan, kò lè dìde lórí ẹní fún ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo ọjọ́ náà ni tìmùtìmù kú fin-ín fin-ín. Ibà náà ò pa á tó òkùnkùn yẹn. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá, tó fi ẹsẹ̀ gbígbọ̀n tẹ máṣíìnì, tí iná náà yọ, orí ló gbé lé tábìlì, kò lè rán nǹkan kan mọ́.

Ọdún ń sún mọ́ òpin. Oníbúrẹ́dì fẹ́ lọ wo ààrò tuntun ní ìlú tí Tíṣà wà. Ó ní bí alárinà ò bá dé ọ̀hún, kí ni wọ́n ń pe alárinà fún? Kò sẹ́ni tó mú òun búra. Nígbà tó padà dé, ó gba ilé ìyá Aránṣọ lọ tààrà, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, jẹ́ kí n sọ fún ẹ, ọmọ yẹn ń gbọ́njú! Ó rù díẹ̀ ṣá. Mo ní, 'Ṣé o ṣì fẹ́ ọmọ wa?' Ó ní, 'Àǹtí, báwo ni mi ò ṣe ní fẹ́ ẹni tó ń kí mi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú? Ẹ sọ fún un pé mò ń rí i. Gbogbo ìgbà tó bá ti fọwọ́ kan tìmùtìmù rẹ̀ ni tèmi ń tàn, gbogbo ìgbà ni mo sì ń dá a lóhùn. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan nígbà kan, ṣùgbọ́n ó tún padà. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni kì í kí mi.' Ẹ ò rí ìfẹ́!"

Oníbúrẹ́dì wo ojú Màmá, ó wo ojú Aránṣọ, ó rọra sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́.

"O búra," ni Màmá wí.

"Màmá, mi ò tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò tẹ̀ ẹ́!"

"Ọmọkùnrin náà wá purọ́ ni?"

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ há ọmọ sí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òpùrọ́ ló fẹ́ fẹ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ni òpùrọ́. Màmá fa tìmùtìmù yọ lára ṣájà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ọ̀rọ̀ ti parí. Kó má wá."

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Aránṣọ jókòó síwájú máṣíìnì, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ń rò ó pé ta ló ń kí ẹni tí òun fẹ́ràn lórúkọ òun? Ọ̀rọ̀ Tíṣà wá sí i lọ́kàn: Ọjọ́ Àìkú nìkan ni kì í kí mi. Ọjọ́ Àìkú ni òkùnkùn máa ń wà lọ́dọ̀ tòun náà. Kí ni kì í ṣe lọ́jọ́ Àìkú? Kí ni kò ṣe nígbà ibà? Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí máṣíìnì. Ohùn kan wá bọ́ sí i létí láti inú yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù rédíò, nípa olófòófó tó ń dáhùn sí gbogbo ohun tó bá ń kọjá.

Ó pariwo tí Màmá fi sáré wọlé.

"Màmá, ẹ gbé tìmùtìmù náà wá. Ẹ pe Àǹtí. Èmi á jókòó síbí, màá ká ọwọ́ mi lérí, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe gbogbo ohun tó bá kù."

Oníbúrẹ́dì dé tòun ti ìyẹ̀fun. Ó pe Tíṣà lórí fóònù, ó tẹ ibi tí gbogbo ilé á fi máa gbọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, jókòó ti tìmùtìmù rẹ. Má bi mí léèrè. Sọ fún mi bó bá tàn."

Wọ́n so tìmùtìmù mọ́ ṣájà, wọ́n gbé e sí àyè rẹ̀. Aránṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọwọ́ lórí. Màmá fúnra rẹ̀ jókòó, ó tẹ ẹsẹ̀ lé máṣíìnì. Ó kùn hùn-ùn.

"Ó tàn!" ni ohùn inú fóònù wí. "Ẹ bá mi kí i o!"

Màmá gbé ẹsẹ̀ kúrò.

"Ó ti kú."

Màmá tún tẹ̀ ẹ́.

"Ó tún tàn! Ta ló ń kí mi báyìí?"

"Ìyá ìyàwó rẹ ni!" ni Oníbúrẹ́dì dáhùn, ó sì fi aṣọ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á.

Kó tó pa ẹnu dé, tìmùtìmù tó wà níwájú Màmá yọ iná aláwọ̀ ọsàn. Tíṣà ti dáhùn ìkíni náà kí ó tó ronú. Màmá fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ ọn bó ṣe ń mọ́lẹ̀, tó ń rọlẹ̀. Tíṣà ti ń gbọ́ bí máṣíìnì ṣe ń kùn lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ bá mi bi í. Rẹ́sítọ̀ inú rẹ̀ dà?"

Aránṣọ kò lè dá a lóhùn. Ìbúra ṣì wà. Màmá gbà á láyè, ó sì sọ ọ́ sí etí Oníbúrẹ́dì.

"Ó ní òun yọ ọ́. Ó ní ó ń gún òun lẹ́rẹ̀kẹ́."

"Ẹ́ńjìnnì máṣíìnì ló wá ń fọwọ́ kàn án," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ yẹn. Kò kí mi rí."

"Ó ní òun ti búra ni."

"Mo gbọ́, Àǹtí. Ẹ ṣeun. Ẹ kí Màmá."

Ó pa fóònù. Màmá kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "O pa àdéhùn mọ́. Dárí jì mí. Kó wá bí ọdún bá pé." Ṣùgbọ́n ayọ̀ ò dé ojú Aránṣọ, nítorí ó ti gbọ́ bí ohùn yẹn ṣe rí.

Láti ọjọ́ náà, tìmùtìmù kò tàn mọ́. Ó ránṣọ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, kò tàn. Ó ní, "Mo jàre lọ́dọ̀ ìyá mi, mo jẹ̀bi lọ́dọ̀ ẹni tí mo fẹ́." Ọkùnrin wo ni yóò gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ló ń bá òun ṣeré ìfẹ́ látọdún, tí yóò tún kọjú síbẹ̀? Ọdún pé. Ọjọ́ náà gan-an dé, ó ń lọ. Aránṣọ wọ aṣọ tó rán de ọjọ́ yẹn, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀. Oòrùn ti ń tẹ̀ kí ẹnìkan tó kan ilẹ̀kùn.

Tíṣà jókòó sórí àga kan náà tó jókòó sí lọ́jọ́sí. Kò wo ojú Aránṣọ. Màmá àti Oníbúrẹ́dì jókòó sí apá kejì.

"Ó tàn lákọ̀ọ́kọ́," ni Tíṣà wí, "mo ní, 'Ó ti ń kí mi.' Èmi náà ti pinnu pé mi ò ní fọwọ́ kan tèmi. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá kí èèyàn, ṣé ó yẹ kéèyàn dákẹ́? Mo dáhùn. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé ìwọ kọ́, inú bí mi."

"Sí ta?"

"Mi ò mọ̀. Sí máṣíìnì."

"Kí ló dé tó ò fọwọ́ kàn án mọ́?"

"Ìwọ lo pa ìbúra mọ́, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ní kí n pa ìwọ̀nba tó kù mọ́." Ó wá gbójú sókè. "Jẹ́ kí n bi ẹ́. Nígbà tí iná tèmi bá tàn lọ́dọ̀ rẹ, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń rán nǹkan lọ." "Ó máa ń dà bíi pé o jókòó tì mí. Mi ò kì í fẹ́ dìde. Nígbà mìíràn aṣọ ti parí, màá tú u, màá tún un rán."

Ojú Tíṣà là díẹ̀díẹ̀.

"Ìyẹn ni kì í fi í kú. Màá dáhùn, ìwọ ò ní dìde, á tún tàn, èmi náà á tún dáhùn. Ìwọ ló ń mú kó tàn. Ìwọ náà ni."

"Èmi ni," ni Aránṣọ wí, ó sì bú sẹ́kún.

Oníbúrẹ́dì ti ń fi etí aṣọ nu ojú, ìyẹ̀fun kún ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kò tíì ṣetán.

"Bó bá tàn nígbà tó ò ń jẹun lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Màá fi oúnjẹ sílẹ̀, mà."

"Bó bá tàn nígbà tó ò ń wẹ̀?"

"Mà..."

"Ìyàwó wa, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!" ni Oníbúrẹ́dì kígbe.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan.

"Lọ́jọ́ tí ọkọ mi lọ, mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Oúnjẹ tutù. Mo gbé e kaná, ó tún tutù. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni mo jókòó, mi ò mọ̀ pé kò sí láyé mọ́. Gbogbo èèyàn rò pé iná ni mò ń bẹ̀rù. Kì í ṣe iná. Ìjókòó yẹn ni. Mo ní ọmọ tèmi ò ní jókòó irú ìjókòó yẹn láé." Ó mí kanlẹ̀. "Odidi ọdún kan ló fi jókòó, nínú ilé mi, lójú mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé àga náà fún un."

Màmá dìde, ó rìn lọ síbi tí Tíṣà wà, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Lọ mú àwọn ẹbí rẹ wá. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, ọmọ mi. Ìdúródè ti tó nínú ilé yìí."

Tíṣà dọ̀bálẹ̀, ó fẹ́ kí i, Màmá ní kó dìde kó jẹun kí oúnjẹ tó tutù.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ẹnu Àǹtí Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì rẹ̀, níbi tí mo ti lọ ra búrẹ́dì gbígbóná, tó fi dá mi dúró títí búrẹ́dì ọwọ́ mi fi tutù. Ó ní ọwọ́ òun ni gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́, òun náà ló tún un ṣe. Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bá a lọ́hùn-ún, kó sì mú àpò dání, nítorí kì í jẹ́ kéèyàn kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.